Aṣọ Funfun Ìyá Ọlọ́tí ní Woolwich

Ìyá ìyá mi kò mọ bí ọtí ṣe ń rí lẹ́nu. Ó fi ọdún méje ṣe àkóso ilé ọtí àwọn ará Ireland ní Woolwich. Àwọn àgbàlagbà tó ti ń mu ọtí láti ìgbà èwe wọn ń wọ bọ́ọ̀sì méjì wá mu èyí tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, síbẹ̀ ẹ̀kán kan kò kan ahọ́n rẹ̀ rí. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá pé ká ṣe fún òun lọ́jọ́ tí òun bá kú: kí a fi aṣọ funfun ìjọ sin òun. Nítorí aṣọ náà ni mo ṣe ń kọ èyí.

Comfort Àjọkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mother Comfort. Nílé, Mummy Àgbà. Ní ilé ọtí, Mammy, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ireland ṣe ń pe ìyá wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jù ú lọ lọ́jọ́ orí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi gíláàsì, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n jù. Ọtí dúdú àwọn ará Ireland kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń dà sínú ife. Gíláàsì gbọ́dọ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí omi tí a bá fi ṣàn án yóò tẹ́ bo inú rẹ̀ pẹrẹsẹ, láìya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀rá tíńtín bá wà níbẹ̀, fóòmù orí ọtí yóò kú. A ó dẹ gíláàsì sí ẹ̀gbẹ́, a ó tú ọtí sí i títí yóò fi ku bí ìka méjì kó kún, a ó sì gbé e kalẹ̀ lórí kọ́ńtà. Ibẹ̀ ni ọtí yóò ti máa yí nínú ara rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ yóò máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, dúdú yóò máa ti ìsàlẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ni a ó wá rọ ìyókù kún un, kí fóòmù yọ díẹ̀ lókè etí ife láìṣàn sílẹ̀.

Mo ti ka gbogbo ohun tí mo lè kà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti wọ ilé ọtí mẹ́tàlélógún káàkiri London pẹ̀lú tẹ́mómítà àti rúlà nínú báàgì mi, wọ́n sì ti ní kí n jáde nínú méjì. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dúró de ìṣẹ́jú méjì náà. Mummy Àgbà máa ń dúró, torí ó ní ohun tó ń fi í ṣe. Bí ó bá ti gbé gíláàsì kalẹ̀, yóò gbé ọwọ́ òsì lé kọ́ńtà, yóò máa pe orúkọ ẹni tó ni ọtí náà lábẹ́ ètè, ẹ̀ẹ̀meje, pẹ̀lú àdúrà kúkúrú lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń ṣe é ní ìjọ wa. Ẹ̀ẹ̀meje yẹn máa ń gba ìṣẹ́jú méjì géérégé. Mo fi aago wò ó.

Bàbá Mick, tó máa ń jókòó nídìí fèrèsé, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Mammy, kí lẹ̀ ń sọ sí ọtí mi?"

"Mò ń sọ fún Ọlọ́run pé kí ó má jẹ́ kí ẹ mu ìkẹrin."

"Òun ńkọ́, kí ló sọ?"

"Ó ní òun ti mọ̀ yín tipẹ́."

Nígbà tí a délé, mo bi í léèrè bóyá kò burú kí èèyàn máa gbàdúrà lórí ọtí. Ó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Èèyàn ló ń dúró níbẹ̀, Àṣàkẹ́. Ọtí kàn ń bá a dúró ni."

Iṣẹ́ ìnulẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló máa ń kúrò nílé wa ní Thamesmead, yóò sì ti nu ilé ọtí náà tán kí Declan tó jí. Declan ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, opó ọkùnrin tí kò bímọ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn Declan yẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, ìyá àgbà tó ń nulẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, ló yí àgbá ọtí, ló sì so páìpù mọ́ ọn bó ṣe ń ṣàpèjúwe fún un látorí ilẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sí. Láti ọjọ́ yẹn ni Declan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́. Ó kọ́ ọ pé ọjọ́ méje-méje ni à ń fọ páìpù, kì í ṣe mẹ́jọ. Ó kọ́ ọ kí ó máa gbọ́ ohùn àgbá kí ó tó gbẹ. Nígbà tí àìsàn gbé e padà sí Ireland ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010, ó bẹ ilé iṣẹ́ tó ni ilé náà kí wọ́n kọ ọ́ sórúkọ Mummy Àgbà.

Ìyá mi fi ọwọ́ lérí. "Mummy, ilé ọtí? Ṣọ́ọ̀ṣì wá ńkọ́?"

Mummy Àgbà ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní Thamesmead, ilé ọtí wà ní Woolwich. Bọ́ọ̀sì ló wà láàárín wọn."

Lọ́dún àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ yẹn rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù tó fún mọ́ ọn lára wá bá a. Ó gbé ìwé àwòrán dání. Ó ní àwọn fẹ́ kí ilé náà túbọ̀ dà bí ti Ireland. Wọ́n máa kan kẹ̀kẹ́ àtijọ́ mọ́ ògiri, wọ́n máa fi àwọn fìlà aláwọ̀ ewé kọ́, wọ́n sì máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn bàbá mẹ́fà ló jókòó nínú ilé lọ́sàn-án yẹn. Àwọn tó gbẹ́ ihò rélùwéè ni, àwọn tó da kọnkéré afárá, àwọn tó ti gbàgbé iye ọdún tí wọ́n ti dé Woolwich. Mummy Àgbà wo ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún ṣí i padà sí ibi kẹ̀kẹ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ kan ní Ìlarọ̀. Abẹ́ igi ló máa ń gbé e sí. Tí ẹ bá fẹ́ kẹ̀kẹ́ sára ògiri, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa gùn ún níbẹ̀."

Kì í ṣe ẹni tó rọrùn o. Mi ò fẹ́ kí ikú sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́. Ó máa ń di kùnrùngbùn. Ó bá Bàbá Mick jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí bàbá náà ní òórùn ata díndín rẹ̀ ń sọ ọtí òun di ọbẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé Bàbá Mick fúnra rẹ̀ ló wá béèrè bóyá ó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò. Èyí tó bá ìyá mi jà ló burú jù. Ìyá mi fi ìkánjú kó aṣọ funfun rẹ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ ìnukọ́ńtà sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ó yẹ kí n sọ bí ó ṣe ń tọ́jú aṣọ funfun yẹn. Ọwọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́, nínú báàfù, lọ́jọ́ Àìkú kan náà tó bá wọ̀ ọ́. Omi mẹ́ta ló ń lò, yóò sì fi búlúù díẹ̀ sí omi ìkẹta. Okùn tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń sá a sí. Méjì ni aṣọ náà. Ọ̀kan ni ó ń wọ̀ lọ sí ìsìn. Èkejì, ọwọ́ ló fi rán etí rẹ̀ fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ kéékèèké tí mo ti kà rí: mẹ́jọ nínú gígùn oríkèé ìka kan. Èyí wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí ó bá ń fihàn wá, á ní, "Èyí tí mo máa wọ̀ lọ nìyí."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá lanu, ó ní, "Mo ti ń ru ọtí àti aṣọ yìí bọ̀ lọ́wọ́ méjèèjì láti ọjọ́ yìí, wọn ò kan ara wọn rí. Ìwọ lo wá fojú wọn kan ara wọn."

Ìjọ wa wà nínú wèrèhaùsì kan ní Thamesmead West. Kápẹ́ẹ̀tì funfun ni wọ́n tẹ́ sórí kọnkéré. Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń bọ́ bàtà, torí ẹnìkan kì í fi bàtà wọlé tàbí kí ó wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ funfun. Nítorí ilé ọtí náà, àwọn àgbà ìjọ ní kí Mummy Àgbà kúrò ní ìjókòó àwọn ìyá níwájú, kí ó máa jókòó ní ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, nídìí ẹ̀rọ amúlégbóná. Kò jiyàn. Nígbà tí mo bínú torí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yìn náà móoru."

Bàbá Jimmy wá kú.

Nínú gbogbo wọn, òun ló jẹ́ jẹ́jẹ́ jù. Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè Shooters Hill. Kò níyàwó, kò lọ́mọ, àbúrò rẹ̀ kan tó wà ní Ireland sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àṣà wọn ni pé a kì í fi òkú sílẹ̀ ní òun nìkan. Àwọn èèyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó tì í nílé títí a ó fi gbé e jáde. Ohun tí Bàbá Jimmy sì ń bẹ̀rù jù nìyẹn, pé òun ò nílé, òun ò léèyàn. Ó máa ń sọ ọ́ bí àwàdà, pé àpótí ìfìwéránṣẹ́ ló máa jókòó ti òun.

Mummy Àgbà bá àwọn asìnkú sọ̀rọ̀. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n gbé pósí rẹ̀ wọ ilé ọtí, wọ́n gbé e lé tábìlì méjì tó so pọ̀, wọ́n sì ṣí orí rẹ̀. Aago mẹ́ta ni wọ́n máa gbé e lọ sí ìjọ Àgùdà. Àwọn bàbá wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n jókòó yí i ká. Èmi náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà.

Mummy Àgbà dúró lókèèrè, lẹ́yìn kọ́ńtà. Òfin ìjọ wa ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú kò gbọdọ̀ wọ aṣọ funfun títí wọn yóò fi ṣe ìwẹ̀nùmọ́ fún un. Bí òkú náà kò bá sì jẹ́ ẹbí èèyàn, kò yẹ kó débẹ̀ rárá. Ó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Bàbá Mick ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Wọn ò ya irun rẹ̀ dáadáa."

Òótọ́ ni. Bàbá Jimmy máa ń ya irun sí apá òsì, àwọn asìnkú sì ti ya gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn bí ti ọ̀gá báńkì. Ó jọ ẹlòmíràn.

Mummy Àgbà béèrè látẹ̀yìn kọ́ńtà, "Ta ni ẹbí rẹ̀ nínú yín?"

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá Mick ní, "Kò ní ẹbí, Mammy. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo rí i tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé kọ́ńtà. Ó wá jáde sí gbangba, ó ní, "Ẹ fún mi ní kóòmù." Ó fi omi tútù díẹ̀ rẹ irun náà, ó fi ọwọ́ òsì gbá iwájú orí òkú náà mú, ó sì ya irun rẹ̀ sí apá òsì, díẹ̀díẹ̀, títí Bàbá Jimmy fi padà wá sójú ara rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní, "Ó ti wá léèyàn báyìí."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, kò lọ sí ìsìn. Ètò rẹ̀ ni pé lọ́jọ́rú, òun yóò lọ bá Olùṣọ́ Ìjọ ní ìkọ̀kọ̀, wọn yóò ṣe ìwẹ̀nùmọ́ fún òun, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ. Kò sọ ètò yìí fún mi.

Èmi lọ. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin bi mí pé Mother Comfort dà. Mo sì sọ fún wọn. Pẹ̀lú ayọ̀ ni mo fi sọ ọ́, torí mi ò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo sọ iye wákàtí tí pósí lò nínú ilé ọtí. Mo sọ bí kóòmù náà ṣe rí. Mo fi orí ara mi ṣàpèjúwe bó ṣe ya irun òkú. N kò mọ̀ pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa àfi ìgbà tí mo rí i pé gbogbo ìjọ ti dákẹ́.

Ohun tí Olùṣọ́ lè parí ní ìkọ̀kọ̀, kò lè parí rẹ̀ ní gbangba mọ́. Àwọn àgbà ìjọ pe Mummy Àgbà. Wọ́n ní ìwẹ̀nùmọ́ nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ níwájú ìjọ kí ó sọ pé òun ṣẹ̀, pé òun fọwọ́ kan òkú ọ̀mùtí nínú ilé ọtí.

Ó ní, "Ìwẹ̀nùmọ́, mo gbà, sà. Ẹ wẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n pé mo ṣẹ̀, mi ò lè sọ ọ́."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mother, ẹnu lásán ni."

"Ẹnu náà ni mo fi ń gbàdúrà, sà."

Wọ́n ní kí ó má wọ aṣọ funfun títí yóò fi sọ ọ́. Ó lọ sílé, ó fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé aṣọ ìsìnkú rẹ̀ lọ bá Olùṣọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Tí mo bá fi sílẹ̀ nílé, àwọn ará ilé mi lè wọ̀ ọ́ fún mi lọ́jọ́ ikú mi láìgbàṣẹ."

Mo bá a lọ. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa láti ibẹ̀ lọ sí ilé ọtí ní Woolwich, a ti kọjá Royal Artillery Barracks, bárékè àwọn ọmọ ogun, kí n tó lè sọ pé èmi ni, èmi ni mo sọ. Ó ti mọ̀. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "O ò purọ́ mọ́ mi. Ohun tójú ẹ rí lo sọ."

Ọdún márùn-ún ló fi ń bá mi lọ sí ìsìn láìwọlé. Èmi ni mo ń wa mọ́tò. Mo máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri wèrèhaùsì náà, èmi á wọlé, òun á sì sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀ kí ó lè gbọ́ orin. Ó máa ń bọ́ bàtà nínú mọ́tò. Nígbà òtútù, mo máa ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti tutù bí yìnyín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó kéré tán. Ó ní, "Ìsìn ni mo wá, Àṣàkẹ́."

Wọ́n ta ilé ọtí náà láti fi kọ́ fúláàtì. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní ìgbà ìrúwé tó tẹ̀lé e, ó sì lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó béèrè bóyá Olùṣọ́ ń tọ́jú aṣọ òun. Mo ní ó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní, "Ó wù mí gan-an ni." Kò sọ ohun mìíràn tó yé mi lẹ́yìn èyí.

Nígbà tó kú, mo lọ bá Olùṣọ́. Ó gbé aṣọ náà jáde fúnra rẹ̀, òórùn kafúrà ń jáde lára rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì láàárín wa. Ó ní, "Ọdọọdún ni mò ń sá a sóòrùn. Mi ò jẹ́ kí kòkòrò débẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àṣàkẹ́, mo ti bá àwọn àgbà sọ ọ́. Wọ́n gbà pé ẹbí lè bá a sọ gbólóhùn náà. Mo tún bẹ̀ wọ́n, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni wàá pè é mọ́. Ṣáà ti ní àṣìṣe ni. Lórí ohun tó ṣe fún bàbá yẹn. Kò sẹ́lòmíì níbí, èmi nìkan ló máa gbọ́. Wàá sì gbé e lọ báyìí."

Mo gbé ọwọ́ lé aṣọ náà. Abẹ́rẹ́ mẹ́jọ nínú oríkèé ìka kan. Mo rò ó pé ta ló máa mọ̀. Mo rò ó pé ẹnu mi ló gba aṣọ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, pé gbólóhùn kan ló kù tí ẹnu kan náà yóò fi dá a padà fún un. Gbogbo ara mi ló fẹ́ sọ ọ́. Mo la ẹnu láti sọ ọ́.

Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Kò ṣàṣìṣe, sà."

Olùṣọ́ fa aṣọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tún ibi tí ọwọ́ mi ti rún ṣe. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Mo ti mọ̀ pé nǹkan tí wàá sọ nìyẹn. Mo kàn ń retí pé kó má rí bẹ́ẹ̀ ni."

Léèsì búlúù la fi sin ín. Bàbá Mick àti àwọn méjì tó ṣẹ́ kù wà níbẹ̀, Olùṣọ́ náà wà níbẹ̀, ó dúró lókèèrè. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé ó rẹwà nínú búlúù yẹn, òótọ́ sì ni. Mo mọ̀ pé ohun tó tọ́ ni mo ṣe fún un. Ṣùgbọ́n funfun ló wù ú.